Ǹjẹ́ fadá àti pásítọ̀ dúró jiyàn ní gbangba rí láyé àtijọ́?

ÌyàwóÀgùdà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni mí, ìdílé Onítẹ̀bọmi ni mo sì fẹ́ sí. Ọkọ mi kì í bá mi fa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ọ̀dọ́ nínú ìjọ wọn, ló ń fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tiwọn àti àwọn ọ̀dọ́ páríìṣì wa pàdé ní gbọ̀ngàn ìlú, kí wọ́n jọ jiyàn lórí Póòpù, pọgatórì (ibi tí a gbà pé ọkàn ti ń wẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ikú) àti Màríà Wúńdíá.

Mo ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á dá ìjà sílẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà kan àti oníwàásù kan fi ohun tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ jiyàn níwájú gbogbo ìlú, wọ́n sì túká ní àlàáfíà. Kò rántí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Kí ló gbé bíṣọ́ọ̀bù odidi dé ibẹ̀? Ta ló sì borí? Ẹ jọ̀ọ́, ìtàn ni mò ń béèrè, ẹ má bá mi sọ ọ́ di ìjà.

TíṣàÀgbà:

Ìyàwó wa, ẹ kú ilé o. Òótọ́ ni àbúrò ọkọ yín sọ. Ìlú Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio ló ti ṣẹlẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1837, láti ọjọ́ Jímọ̀ tó jẹ́ ọjọ́ 13 títí di Sátidé ọjọ́ 21. Bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, John Baptist Purcell, ló dúró fún Ìjọ Àgùdà. Ẹni tó kojú rẹ̀ ni Alexander Campbell, ará Bethany ní Virginia. Campbell àti Thomas bàbá rẹ̀ ló ṣáájú ẹgbẹ́ kan tó ń pe gbogbo Kristẹni padà sí bí ìjọ ṣe rí nígbà ayé àwọn àpọ́sítélì, tí wọn kò fẹ́ ìlànà ìgbàgbọ́ mìíràn lẹ́yìn Bíbélì. Àwọn ìjọ tó ń jẹ́ Church of Christ nílẹ̀ wa lónìí, ara ẹgbẹ́ yẹn ni gbòǹgbò wọn.

Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kíláàsì tí mo kọ́ kò fìgbà kan ṣaláì ní ọmọ Àgùdà, ọmọ Áńgílíkà, ọmọ Onítẹ̀bọmi àti ọmọ Mùsùlùmí lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Cincinnati yìí fi wọ̀ mí lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí Póòpù. Ilé ìwé ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1836, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ agbègbè ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n ń pè ní College of Teachers, ṣe ìpàdé wọn ní Cincinnati. Ìlú náà ń dàgbà kíákíá nígbà náà. Nígbà tó máa fi di 1840, ènìyàn 46,338 ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Jámánì àti ará Ireland tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Àgùdà pọ̀ nínú wọn gan-an. Ìbéèrè tó wà níwájú àwọn olùkọ́ yẹn ni irú ẹ̀kọ́ tí wọn máa fún ọmọ gbogbo wọn. Wọ́n ń fẹ́ kí Bíbélì jẹ́ ìwé kíkà ní ilé ìwé ìjọba. Bíbélì wo? Bíbélì tí Ọba James ti England pàṣẹ rẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, oní-ìwé 66, tí kò ní àlàyé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bíbélì Àgùdà ní ìwé 73, ìjọ náà sì ń fẹ́ kí àlàyé wà pẹ̀lú rẹ̀. Purcell wà nínú ìpàdé yẹn, ó sì kọ̀ ọ́. Campbell ní tirẹ̀ sọ pé Àtúnṣe Ìjọ tí Luther bẹ̀rẹ̀, tó bí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, ló tú èrò inú ọmọ ènìyàn sílẹ̀ lóko ẹrú, òun ló sì bí ìmọ̀ òde òní. Bíṣọ́ọ̀bù dìde, ó ní òun kò gbà. Láti ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú kan ti kọ̀wé sí Campbell pé kó wá gbèjà ọ̀rọ̀ tó sọ. Ó gbà, Purcell náà sì gbà.

Ẹ wo ohun tí gbígbà yẹn ná Purcell. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1834, àwọn jàǹdùkú sun ilé àwọn sísítà Ursuline ní Charlestown, lẹ́bàá Boston, pẹ̀lú ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀. Ní 1835, Lyman Beecher, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ ní Cincinnati gan-an, tẹ ìwé kan jáde tó fi ń kìlọ̀ pé Póòpù fẹ́ fi àwọn àjèjì gba agbègbè ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Ní 1836, ìwé kan jáde ní orúkọ obìnrin kan, Maria Monk, tó kún fún irọ́ burúkú nípa ilé àwọn sísítà ní Montreal, ìwé náà sì tà wàràwàrà. Inú afẹ́fẹ́ yẹn ni bíṣọ́ọ̀bù ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin lórí àga, ti gbà láti lọ dúró níwájú èrò tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ràn ìjọ rẹ̀, nínú ilé ìpàdé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní òpópónà Sycamore. Ẹni tó máa bá jiyàn kì í sì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ náà. Campbell ti bá àwọn pásítọ̀ Presbitéríà méjì jiyàn lórí ìtẹ̀bọmi, Walker ní 1820 àti McCalla ní 1823. Ní oṣù kẹrin ọdún 1829, ní Cincinnati kan náà, ó kojú Robert Owen, ọlọ́rọ̀ tó ní òun kò gba ẹ̀sìn kankan gbọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún Purcell gidigidi nítorí pé ó lọ.

Ní ti bí wọ́n ṣe ṣe é: wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ṣáájú. Olúkúlùkù yan alága méjì, àwọn mẹ́rin yẹn sì yan ẹnì karùn-ún. Àkókò kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Campbell ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Purcell á sì fèsì. Àwọn akọ̀wé ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún yẹn kan náà. Wọn kò jiyàn lọ́jọ́ Sunday.

Àbá méje ni Campbell gbé kalẹ̀. Èkínní ni pé Ìjọ Àgùdà kì í ṣe ìjọ gbogbo ayé, kì í ṣe mímọ́, kì í sì í ṣe ti àpọ́sítélì. Ẹ̀yà kan lásán ni. Ibẹ̀ ló ti fa ọ̀rọ̀ ìpínyà ọdún 1054 láàárín Róòmù àti àwọn ìjọ ìlà oòrùn yọ, tó ń béèrè pé báwo ni apá kan ṣe máa pe ara rẹ̀ ní odidi. Ẹ̀kejì kọlu ìtẹ̀léra Póòpù láti ọwọ́ Pétérù. Ẹ̀kẹta ní ìjọ náà ń yí padà, ó sì ń ṣìnà. Ẹ̀kẹrin ni èyí tó gbóná jù: pé òun ni Bábílónì inú Ìfihàn, ọkùnrin ẹ̀ṣẹ̀ tí Pọ́ọ̀lù kọ nípa rẹ̀, àti ìwo kékeré inú Dáníẹ́lì. Ìkarùn-ún mú pọgatórì, ìjẹ́wọ́ létí àlùfáà àti àwọn bíi tirẹ̀, ó ní wọ́n ń ba ìwà àwùjọ jẹ́. Ìkẹfà ní kò dìgbà tí a bá gba ọwọ́ Róòmù kọjá kí a tó mọ Bíbélì. Ìkeje ní ẹ̀sìn Àgùdà lòdì sí Amẹ́ríkà àti sí òmìnira.

Àbá keje yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń lọ bá, lójú tèmi. Campbell, ọmọ County Antrim ní Ireland ni. Ọdún 1809 ló wọ Amẹ́ríkà. Purcell, ọmọ Mallow ní County Cork, Ireland kan náà. Ọ̀dọ́langba ni nígbà tó wọkọ̀ ojú omi wá. Àjèjì méjì, ọmọ erékùṣù kan náà, ni wọ́n dúró ní Ohio tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí Amẹ́ríkà jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí àwọn ará Àgùdà máa ń fi fèsì irú ẹ̀sùn yìí nígbà náà lágbára: Charles Carroll ará Maryland, Àgùdà ni, ó sì fọwọ́ sí ìwé ìkéde òmìnira ọdún 1776, Maryland tí àwọn olúwa Àgùdà dá sílẹ̀ sì ti ṣòfin ní 1649 pé kí wọ́n má ṣe yọ Kristẹni kankan lẹ́nu nítorí ẹ̀sìn.

Ta ló borí? Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní Campbell ni, àwọn Àgùdà ní bíṣọ́ọ̀bù àwọn ni. Kò sí onídàájọ́ tó kéde ẹnikẹ́ni, àdéhùn wọn kò sì sọ pé kí ó wà.

AlàgbàOníwèé:

Tíṣà, ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ sọ pé ẹ fọwọ́ kéré mú ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ níbẹ̀. Alàgbà ni mí nínú ìjọ tó gbọ́ ti Campbell. Ọkùnrin yẹn kò fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jiyàn nítorí ilé ìwé. Ó gbà lóòótọ́ pé ọkàn ènìyàn ń ṣègbé bí wọ́n bá gbé ìlànà ènìyàn ka orí Ìwé Mímọ́. Kì í ṣe Àgùdà nìkan ló bá jà: ní 1843, ní Lexington, Kentucky, ó bá Nathan Rice, àlùfáà Presbitéríà, jiyàn fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, Henry Clay tó jẹ́ ògúnná gbòǹgbò olóṣèlú ló sì ṣe alága. Ìtẹ̀bọmi, Ẹ̀mí Mímọ́ àti ìlànà ìgbàgbọ́ ni wọ́n jiyàn lé. Kò sí Bíbélì ilé ìwé nínú ìyẹn.

ỌmọDublin:

Ẹ ǹ lẹ́ o. Ìlú Dublin ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe Amẹ́ríkà ni irú èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ti Cincinnati, ní oṣù kẹrin ọdún 1827, Fadá Thomas Maguire, àlùfáà páríìṣì láti Leitrim, kojú Richard Pope, oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì, nínú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ ní òpópónà Sackville níhìn-ín, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́fà jiyàn. Òpópónà yẹn ni à ń pè ní O'Connell Street lónìí.

Ẹ ní láti mọ bí nǹkan ṣe rí níhìn-ín nígbà náà. Àgùdà ló pọ̀ jù nílùú, síbẹ̀ Àgùdà kankan kò lè jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí ìbúra tí wọ́n máa ń mú àwọn aṣòfin ṣe bú ẹ̀kọ́ ìjọ wọn. Àwọn àgbẹ̀ Àgùdà ń san ìdá mẹ́wàá láti fi bọ́ àlùfáà Áńgílíkà tí wọn kò gbọ́ ìwàásù rẹ̀ rí. Láti nǹkan bí ọdún 1822, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìyípadà kan káàkiri orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú Bíbélì, ìwé ìléwọ́ àti ilé ìwé ọ̀fẹ́. Nígbà tí fadá abúlé kan wá dúró ní Dublin, tó ń tọ́ka sí àwọn bàbá ìjọ ìgbàanì, tó sì ń dá ọ̀mọ̀wé lóhùn ní gbólóhùn sí gbólóhùn, inú àwọn ènìyàn rẹ̀ dùn dé egungun. Wọ́n ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé òpè ni àwọn àlùfáà wọn. Ní 1828 ni wọ́n dìbò yan Daniel O'Connell, aṣáájú àwọn Àgùdà, sí ilé ìgbìmọ̀ ní Clare. Ní 1829 ni òfin ṣí ilé ìgbìmọ̀ fún Àgùdà. N kò ní Maguire ló ṣe é, ṣùgbọ́n orí tí wọ́n gbé sókè ní 1827 wà lára rẹ̀.

Maguire tún jáde ní 1838, ó kojú Tresham Gregg, àlùfáà Áńgílíkà, ní ilé ìpàdé Rotunda níhìn-ín. Mo máa ń kọjá níwájú ilé yẹn.

ÌyàwóÀgùdà:

Áà, ẹ ṣeun, Olúwa á bù kún yín. Tíṣà, ọ̀rọ̀ Alàgbà yìí ńkọ́? Ohun mìíràn tún wà: àbúrò ọkọ mi ní lẹ́yìn ìjiyàn yẹn ni ẹ̀sìn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ní ìrẹ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

TíṣàÀgbà:

Alàgbà, ẹ kú ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé Campbell gba ohun tó ń wí gbọ́ tọkàntọkàn, Purcell náà sì gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ gba ìgbàgbọ́ wọn lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ nípa Pétérù àti pọgatórì ti wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí 1837 tó dé. Ohun tó mú ìlú kan kún ilé ìpàdé ní àárín òtútù oṣù kìíní ni pé wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó máa kọ́ ọmọ wọn.

Ìyàwó wa, ní ti ìrẹ́pọ̀, ó dùn mí láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Philadelphia, àlùfáà John Hughes ti bá John Breckinridge, pásítọ̀ Presbitéríà, jiyàn ní ìwé ìròyìn àti lójúkojú kí ti Cincinnati tó wáyé; ìwé ìjiyàn wọn ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde ní 1836. Ní ìlú Philadelphia yẹn kan náà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1844, ọ̀rọ̀ Bíbélì ilé ìwé di ìjà ìgboro. Wọ́n sun ṣọ́ọ̀ṣì Saint Michael àti Saint Augustine, ènìyàn kú, ìjà náà sì tún bẹ́ ní oṣù keje. Àwọn tó sun ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kò jókòó gbọ́ ẹnikẹ́ni fún wákàtí kan.

Ní Cincinnati, ọ̀rọ̀ náà kò parí títí di 1869, nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé ìwé ìlú dìbò pé kí wọ́n dẹ́kun kíka Bíbélì àti orin ẹ̀sìn nínú ilé ìwé ìjọba. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kan gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Ohio sì ti ìgbìmọ̀ lẹ́yìn. Purcell ṣì wà láyé, ó ti di àṣẹ́bíṣọ́ọ̀bù láti 1850. Campbell ti kú ní 1866. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn Àgùdà ti ń kọ́ ilé ìwé tiwọn, owó wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, wọ́n sì ń san owó orí fún ti ìjọba pẹ̀lú.

Ohun kan wà tí n kò lè kọjá. Odò Ohio ló ya Cincinnati sọ́tọ̀ kúrò lára Kentucky. Apá ọ̀hún, oko ẹrú ni. Àwọn tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa, ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni wọ́n. Ní oṣù keje ọdún 1836, oṣù mẹ́fà péré ṣáájú ìjiyàn yẹn, àwọn jàǹdùkú ní Cincinnati fọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé James Birney nítorí pé ó ń kọ̀wé lòdì sí oko ẹrú. Nígbà tí mo bá ka àbá keje, tí mo rí bí ọ̀rọ̀ òmìnira ṣe pọ̀ tó lójú ìwé, odò yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Campbell dá àwọn ẹrú tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1845 ó kọ ọ́ pé níní ẹrú lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú Bíbélì. Ní ti Purcell, ìwé ìròyìn díósísì rẹ̀, Catholic Telegraph, tí Edward àbúrò rẹ̀ ń ṣe olóòtú rẹ̀, gbèjà ìdásílẹ̀ ẹrú ní 1863, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Àgùdà kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

AlàgbàOníwèé:

Mo gba ọ̀rọ̀ odò yẹn, Tíṣà. Ó wúwo. Ẹ bá wa sọ ọ̀rọ̀ Liguori náà, torí mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n, ó sì lè wúlò fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ jiyàn yìí.

TíṣàÀgbà:

Alàgbà, ẹ ti mú mi. Nígbà ìjiyàn, Campbell ka ọ̀rọ̀ kan tó ní inú ìwé Alphonsus Liguori, ẹni mímọ́ Àgùdà, ni ó ti wá: pé àlùfáà tó bá ń gbé pẹ̀lú obìnrin kàn máa san owó ìtanràn ni. Kì í ṣe inú ìwé Liguori gan-an ló ti kà á. Inú ìwé tí ọkùnrin kan tó ti kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà Àgùdà ṣe àkójọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ti kà á. Purcell ní kò sí nínú ìwé Liguori. Ìjiyàn parí, ọ̀rọ̀ yẹn kò parí. Wọ́n ṣì ń fà á lẹ́yìn náà, tí wọ́n ń wá ojú ìwé Látìn, tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí gbólóhùn náà ń sọ àti ohun tí wọ́n yọ kúrò lára rẹ̀.

Torí náà, ìyàwó wa, bí wọn kò bá ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu pé kí wọ́n má ṣe é, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn. Alága méjì láti ìhà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹnì karùn-ún tí kò sí nínú ìjọ kankan nínú àwọn méjèèjì. Aago kan náà fún olúkúlùkù. Kí ẹnikẹ́ni má ka ọ̀rọ̀ àwọn bàbá ìjọ tàbí ti Luther láti inú fóònù. Kí wọ́n gbé ìwé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá wá sórí tábìlì, kí ẹgbẹ́ kejì lè ṣí i wò. Kí ẹnì kan máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé ti Cincinnati wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó tóbi. Ẹ kọ́kọ́ ka àbá keje, kí ẹ tó padà sí èkínní.